Ọkọ́ Ni, Kì í Ṣe Ọkọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Ẹlẹ́wọ̀n, ẹ dákẹ́ ariwo, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun pẹ́. Òní ni màá tu ú jáde. Mi ò ṣẹ̀wọ̀n rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo, mi ò sùn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi, ló lo ọdún mẹ́fà lẹ́wọ̀n, tó ń kọ lẹ́tà sí mi lóṣooṣù. Èmi wà lábẹ́ fáànù nílé ìyá wa, mò ń fi lẹ́tà rẹ̀ kọ ráàpù bí ẹni pé èmi ni mo ṣẹ̀wọ̀n. Ẹnu mi mú bí abẹ, àmọ́ mi ò ní ìtàn; òun ní ìtàn, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀ tó bá ń kọ̀wé. Ó kọ ọ́ nígbà kan pé: “Won gba oko lowo mi lonii. Mo sunkun.” Mo kà á sí ọkọ̀. Mi ò tiẹ̀ bi ara mi pé ọkọ̀ wo ni ẹlẹ́wọ̀n ń wà. Òmùgọ̀! Mo fi ṣe ègbè orin, mo háyà ọkọ̀ bọ̀gìnnì, mo jókòó lé e lórí, mo ń sunkún fún kámẹ́rà. Orin yẹn ló sọ mí di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká.

Èyí tó burú jù nìyí. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan bi mí lórí rédíò pé, “Ẹlẹ́wọ̀n, wọ́n ní ẹ̀gbọ́n yín ṣì wà lẹ́wọ̀n lọ́hùn-ún?” Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n kẹ̀? Èmi nìkan ni ìyá mi bí.” Ẹnikẹ́ni ò fi ìbọn sí mi lórí o.

Oṣù tó kọjá ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi, ó ń wúkọ́. Mò ń retí ìgbájú. Ó ní, “Àbúrò, a gbọ́ orin rẹ nínú rédíò wọ́dà tó ń ṣọ́ wa. Àwọn tá a jọ wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ọkọ̀ wo? Ọkọ́ ni mo kọ, ọkọ́ tá a fi ń roko.”

“Kí ló dé tí wọ́n fi gbà á lọ́wọ́ yín?”

“Ikọ́ yìí ni. Wọ́n ní mi ò lágbára mọ́. Ọkọ́ yẹn nìkan ló sì ń gbé mi dé ibi tí oòrùn wà.”

Mo bi í bóyá ó gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ìyá wa lórí rédíò.

“Mo gbọ́. Mo ní bóyá àmì ló tún ṣì ọ́ lọ́nà.”

Kì í ṣe àmì. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ foríjì mí. Ẹ̀yin èwe tí ẹ ń kọ ráàpù, ẹni tí kò bá ní ìtàn, kó sọ pé òun ò ní. Ẹ má pè mí ní Ẹlẹ́wọ̀n mọ́. Méjì ni ìyá mi bí. Èmi ni ìkejì.