Ọ̀yà Tí N Kò Fọwọ́ Mi Sìn

Ẹ̀yin tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ewú orí mi bò mí láṣìírí. Ọ̀rọ̀ kan ti wà níkùn mi láti ọdún mẹ́ta, kò sì jẹ́ kí n fara balẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo dìde. Mo dìde, mo tún jókòó. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ yóò gbéra lọ sí Mẹ́kà kí oṣù yìí tó tán.

Àdúgbò Dougouba ni mò ń gbé, ní ìlú Bouaké níhìn-ín, ní Côte d'Ivoire. Mo ń sin ọ̀yà, tí àwọn ará ibí ń pè ní agúútì, sẹ́yìnkùlé mi. Kò sí Ànàgó, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níhìn-ín, tó kí mi tí n kò sọ fún pé ẹran náà kò lọ́ràá bíi ti màlúù, pé ó ń mú ara le, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ sí i, àti pé mo mọ koríko àti àgbàdo tí ó jẹ. Lékè rẹ̀, mo ń fi Bisimilláhì dúńbú rẹ̀ láàyè. Ti inú igbó, ta ni ó mọ bí ó ṣe kú?

Ràlíátù, opó ọ̀rẹ́ mi, kò jẹ ọ̀yà rí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀, dókítà sì ní kí ó máa jẹ ẹran tí kò lọ́ràá. Èmi ni mo rọ̀ ọ́.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń dúńbú ẹ̀? Ẹ̀yin ni mo gbójú lé o."

Mo ní èmi ni. Òótọ́ ni, nígbà náà.

Kò pẹ́, àrùn wọ àárín ẹran mi, gbogbo wọn kú tán. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ara Ràlíátù ti ń mókun, mo sì ti fọ́nnu jù. Ojú tì mí. Mo wọkọ̀ lọ sí Diabo, mo ra ọ̀yà tí pàkúté ti pa lọ́wọ́ ọdẹ. Mo wi ín, mo kun ún. Orí rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gé sọnù, kí ó má baà rí ọrùn tí ọ̀bẹ kò kàn. Oṣù méjì ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, kí n tó rí ọ̀yà mìíràn sìn. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa oore ọ̀yà tí a sìn jẹ́ òótọ́. Ẹran tí mo gbé fún un gan-an ni irọ́.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ó wá tọrọ àforíjìn, bí àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà ti máa ń ṣe. Ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún tó ń dùn ún.

"Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá ti ṣẹ̀ yín, ẹ foríjì mí. Ọ̀yà yín ló gbé mi dìde. Tí mo bá débẹ̀, màá dárúkọ yín nínú àdúrà, àfi tí ẹ bá ní ẹ ò fẹ́."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mo foríjì í. Èmi ni mo jókòó sórí àga, tí mò ń foríji ẹni tí mo ṣẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí mo padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n jẹ́wọ́, kí ó gbé ìbànújẹ́ tèmi lọ sí Ilé Ọlọ́run? Àbí kí n dákẹ́, kí ó lọ dárúkọ mi níbẹ̀ fún oore tí n kò ṣe? Bí mo ti ń kọ èyí, bàtà mi ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi.