Kámẹ́rà Ńlá Tí Kò Bá Mi Dé Ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n Màámi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí mo lè pariwo rẹ̀. Nínú gbogbo fọ́tò tí mo ti yà láyé, èyí tí mi ò yà ló ń dùn mí jù. Ó lé lógún ọdún tí mo ti ń ya fọ́tò nílùú Ìlá Ọ̀ràngún, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò sí ẹni tó máa sọ pé mi ò mọṣẹ́. Mo mọ ibi tó yẹ kí aláwọ̀ dúdú kọjú sí kí ojú rẹ̀ má baà dà bí ìdí ìkòkò. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ tó ń ké rẹ́rìn-ín. Síbẹ̀, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá arúgbó kan rẹ́rìn-ín níwájú mi lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di férémù ilẹ̀kùn mú, ìmọ́lẹ̀ sì dà sí i lójú bí ẹni pé Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló tàn án. Èmi ayàwòrán ká ọwọ́ gbera, mo ń wò ó. Ẹ ò ní béèrè pé kí ló dé? Ìgbéraga ni. Kámẹ́rà tí mo fi ìgbéraga rà ló dé!

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni màámi ní, Àsàbí ni wọ́n ń pè é. Abà kòkó bàbá wọn lẹ́yìn Ìlá ni wọ́n jọ dàgbà sí. Màámi ṣì ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ mú Àsàbí lọ sí Kódívúà, kò sì padà wálé mọ́. Ọkọ kú síbẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ di ọmọ ibẹ̀, oko kòkó dè é mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù kékeré tí ọmọ rẹ̀ kan ní, irú fóònù tí kì í ya fọ́tò, ìyẹn náà sì di ìgbà tí wọ́n bá gun òkè lọ wá nẹ́tíwọ́kì. Ojú màámi ti ń ṣú, fírífírí ló ń ríran. Ohun kan náà ló máa ń sọ fún mi bí mo bá ti wọlé: "Bó o bá ya gbogbo ayé, tí o ò ya ẹ̀gbọ́n mi, kí lo yà?"

Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu láti rin ìrìn àjò oṣù mẹ́jọ. Mo fẹ́ ya àwọn èèyàn wa tó tẹ̀dó sí Kútọnú, Lómè, Gáná, títí dé Kódívúà, kí n fi ṣe ìwé fọ́tò, kí n sì mú ojú Àsàbí bọ̀ wá fún àbúrò rẹ̀. Kámẹ́rà tí mò ń lò nígbà náà ti gbó. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, bàbá àgbàlagbà kan ní Ọ̀tan Ayégbajú, ló tẹ̀ lé mi lọ sí Ìbàdàn láti lọ ra tuntun. Ẹni tó ń tà á gbé méjì ka orí tábìlì. Fúlù-fíréèmù ni àwọn méjèèjì, ìyẹn ni pé ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú wọn fẹ̀ tó fíìmù ayé àtijọ́, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì lè ṣe. Ọ̀kan tóbi bí orí àgbò, lẹ́ǹsì rẹ̀ gùn bí apá mi. Èkejì kéré, lẹ́ǹsì rẹ̀ kúrú, kì í fa nǹkan sún mọ́ni; ẹsẹ̀ ara ẹni lèèyàn máa fi sún mọ́ ohun tó fẹ́ yà.

Ọ̀gá mi gbé ńlá, ó gbé kékeré, ó wò mí lójú. Ó ní, "Inú kan náà ni wọ́n ní o. Èyí ńlá yìí, òde ìgbéyàwó ló wà fún. Oṣù mẹ́jọ lo fẹ́ fi rìn. Ṣé ọrùn ẹ gbà á?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ò rí ohun tójú mi ń rí ni. Bí mo bá gbé kékeré dání lóde, wọ́n á ní ìgbà wo ni fotógíráfà máa dé. Bí mo bá gbé ńlá, àwọn olóyè gan-an á tún fìlà ṣe."

"Ta ló máa tún fìlà ṣe fún ẹ lọ́nà Kódívúà?"

Ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, èmi ò rí i lórí ìnàró. Ńlá ni mo rà.

Kí n má parọ́, fọ́tò tó ń yà dára. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò ní Kútọnú ni èjìká ọ̀tún mi ti wú. Bí mo bá yọ ọ́ lọ́jà, àwọn èèyàn á tú ká bí ẹni pé ìbọn ni mo yọ. Bí wọ́n bá sì rí i ní bọ́dà, wọ́n á ní kí n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á bi mí léèrè bóyá oníròyìn ni mí. Ní Kútọnú yẹn náà ni mo ti dúró lódìkejì títì tí mo fi lẹ́ǹsì gígùn yẹn ya ìyá arúgbó kan tó ń ta obì àti orógbó. Kò mọ̀ pé mò ń ya òun. Fọ́tò náà dára débi pé inú mi dùn fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo bá tèmi lọ.

Oṣù karùn-ún ni mo dé ìlú tó súnmọ́ abúlé Àsàbí. Ọ̀kadà nìkan ló ń dé abúlé náà, òjò sì ti ṣú. Mo wo báàgì kámẹ́rà, mo wo èjìká mi. Mo ní jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ kí wọn lónìí, kí n gbé e wá lọ́la nígbà tí ojú ọjọ́ bá dáa. Mo fi í sílẹ̀ sí yàrá tí mo sùn sí.

Àsàbí kò mọ̀ mí rí, ṣùgbọ́n bí mo ṣe kúnlẹ̀ tí mo dárúkọ màámi, ńṣe ló fi igbe ta. Ó fà mí dìde, ó fọwọ́ pa mí lórí, Ìgbómìnà tó fi ń kí mi dùn ju ti àwa tí a wà nílé lọ, nítorí pé kò sí èdè Ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti rédíò tó bà á jẹ́. Ó gbé iṣu sísun àti epo fún mi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí òun àti màámi ṣe jí ẹyin awó sun lábà, tí ẹyin náà bẹ́ mọ́ wọn lójú nínú iná. Ibẹ̀ ló ti rẹ́rìn-ín yẹn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ yí sí mi, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ò ní fi fóònù yín ya màmá báyìí?"

Ẹ gbọ́ èsì tí mo fọ̀! Mo ní, "Fóònù kẹ̀? Èmi? Ẹ̀gbọ́n màámi ni mo máa fi fóònù yà? Ẹ fara balẹ̀, lọ́la ẹ ó rí kámẹ́rà."

Ohun a ní là á náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Fóònù wà nínú àpò mi, bátìrì rẹ̀ kún. Nírọ̀lẹ́, mo gun ọ̀kadà padà sí yàrá mi nílùú. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà títí ilẹ̀ fi mọ́, ó gbé afárá onígi tó wà lójú ọ̀nà abúlé náà lọ. Mo gbé kámẹ́rà ńlá mi dé etí odò, mo dúró bí ère. Ọlọ́kadà kankan kò gbà láti sọdá. Ọjọ́ mẹ́fà ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀, omi náà kò fà. Iye ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní bọ́dà láti lò ní Kódívúà sì ti ń pé. Bí mo ṣe yí padà sílé nìyẹn.

Ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ wá kù. Bí mo ti ń sún mọ́ Ìlá, ẹ̀rù ń bà mí. Báwo ni màá ṣe sọ fún ìyá mi pé mo bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jẹun, pé n kò yà á? Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo tẹ fọ́tò ìyá olóbì Kútọnú yẹn jáde, mo fi í sínú férémù onígíláàsì, mo gbé e lé màámi lọ́wọ́.

"Òun nìyí?"

"Òun ni, màámi."

Ó gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu gíláàsì náà. Omijé bọ́ sí i lórí. Ó ní, "Wo imú! Imú bàbá wa nìyẹn, kò yẹ̀."

Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbé mi mì. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni màámi ń kí fọ́tò yẹn kó tó gbàdúrà. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jí ire." Èmi á máa gbọ́ ọ láti yàrá kejì. Oṣù mẹ́rin ni mo fi gbé irọ́ yìí pọ̀n. Ó wá di ọ̀sẹ̀ kan, màámi ní òun ti bá àwọn ìyá ìjọ sọ̀rọ̀, pé lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ àwọn máa gbé fọ́tò náà jó lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́. Ẹ gbà mí o! Kí n gbé irọ́ mi jó lọ síwájú Ọlọ́run?

Ọ̀sán Sátidé ni mo bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń bó ẹ̀gúsí. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, ìka rẹ̀ kò tilẹ̀ dúró. Mo rò pé ó máa ṣẹ́ èpè lé mi ni. Nígbà tó yá, ó ní, "Ta wá ni ìyá tí mò ń kí láràárọ̀?"

"Mi ò mọ orúkọ wọn, màámi."

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. "O mú ojú èèyàn lọ, o ò béèrè orúkọ rẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo bó ṣe yẹ kó bú mi, ìyẹn nìkan ló bú mi. Ó ju ọgọ́rùn-ún èébú lọ. Ó lọ sí Ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì láìgbé fọ́tò kankan dání, ó dúpẹ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ṣì wà láàyè. Nígbà tó dé, ó ní kí n padà lọ, kí n sì gbé ohun tí mo bá lè gbé.

Mo lọ bá ọ̀gá mi l'Ọ̀tan. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ rárá. Ó bá mi wá ẹni tó gba kámẹ́rà ńlá, tó sì fi fúlù-fíréèmù kékeré pẹ̀lú lẹ́ǹsì kúkúrú kan ṣe pààrọ̀ rẹ̀ fún mi. Láti Ìlá ni mo ti fi í kọ́rùn, mi ò bọ́ ọ sílẹ̀ títí mo fi dé abúlé Àsàbí. Mo bá a láyè, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú un lápá òsì, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó mọ̀ mí. Ó fi ọwọ́ kan tó kù fà mí mọ́ra. Mi ò tíì mu omi tí mo fi yà á. Mo sún mọ́ ọn débi tí orúnkún wa fi kanra, kò sì sá fún kámẹ́rà mi, ó tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó ní ṣé ohun kékeré yìí náà lè mú òun délé.

Lọ́nà àbọ̀ mo yà sí Kútọnú, mo wá ìyá olóbì. Mo kúnlẹ̀, mo fún un ní fọ́tò rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ìyá Ràfíátù lorúkọ rẹ̀. Ó wo ara rẹ̀ títí, ó ní, "Ṣé ìwọ lo jí mi yà? Ó dára. Jókòó, jẹ obì." Mo sọ fún un pé ìyá kan wà ní Ìlá tó ń kí i láràárọ̀. Ó ní kí n kí i fún òun náà.

Màámi gba fọ́tò Àsàbí, ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Àìsàn ti bá a jà. Òun náà sì ni." Ó gbé e kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ Ìyá Ràfíátù, kò yọ ìyẹn kúrò.

Wọ́n ṣì máa ń wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò jìnnà, wọ́n á ní kámẹ́rà wo ni kí àwọn rà. Mi ò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ mọ́, ó ti dá mi lójú. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jìnnà sí ẹnu àwọn tó ń jókòó sílé dá kámẹ́rà lẹ́jọ́ láìgbé e rìn. Bí o bá fẹ́ fúlù-fíréèmù, rà á, ó dára, àgàgà nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n gbé e kọ́rùn kó o tó sanwó, fi ẹsẹ̀ rin ọjà Ìlá já láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bí o bá ti ń wá ibi tí wàá gbé e kà, dá a padà fún wọn, ì báà jẹ́ òun ló dára jù láyé. Èyí tó o bá gbàgbé pé ó wà lọ́rùn rẹ, òun ni tìrẹ. Bó o bá sì ti ya ẹnikẹ́ni, mo bẹ̀ ọ́, má tíì yí ẹ̀yìn padà. Béèrè orúkọ rẹ̀.