Wáyà Tó Mọ Àdúrà Sórí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí takisí Iléṣà pẹ́ kó tó kún ní Ọjà Ọba, Òṣogbo, lọ́jọ́ náà, torí ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀gá òṣìṣẹ́ tẹlifóònù kan tí òun náà ń lọ Iléṣà àti ọkùnrin onírùngbọ̀n tó mú èsì àyẹ̀wò wáyà tuntun wá fún un.

"Ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ni wọ́n kà sí ọ létí láti Iléṣà, o sì kọ ọ́ láìku ẹyọ kan? Lórí wáyà tó ń ké bí ọ̀bọ yẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀gá."

"Ọ̀rọ̀ inú ìwé tí mo fún yín ni?"

"Rárá, ọ̀gá. Ìyẹn ò nítumọ̀: àga, ejò, àtùpà. Àdúrà tí a fi ń parí ìsìn la lò, a kà á ní àkàtúnkà."

"Èyí tí o ti mọ̀ láti kékeré?"

"Òun ni. Bí wáyà bá gé e, mo mọ ibi tó kù sí."

Ọ̀gá pòṣé. "Kì í ṣe wáyà lo wọ̀n, ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi lo wọ̀n! Lọ́jọ́ Ajé ni ilé ìwòsàn máa bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà yìí pe dókítà. Bí nọ́ọ̀sì bá ní aboyún ń ṣẹ̀jẹ̀, tí wáyà sì gé e, ṣé oore-ọ̀fẹ́ ni dókítà á fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Kí ni ká wá lò?"

"Pa dà sí ọ́fíìsì. Ọmọ mọ́kànlélógún ni bàbá mi bí. Tí mo bá dé Iléṣà, orúkọ wọn ni n ó máa kà sí ọ létí. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tó kọ́ ọ níyẹn."

Àmín ti bọ́ lẹ́nu mi kí n tó mọ̀.