Yẹ̀pẹ̀ Ẹ̀yìn Yàrá Màmá

Má jókòó! Mo ní o ò gbọdọ̀ jókòó, ta ló ń fún ẹ ní àga nígbà tí èmi ẹ̀gbọ́n ẹ wà lórí ìdúró láti àárọ̀? Wo ọwọ́ mi. Wò ó dáadáa, bíríkìlà, ọmọ ìyá mi! Ọwọ́ ẹni tó ń fi ẹ̀gbẹ́ wọ àlàfo ẹ̀yìn yàrá Màmá nìyí, láàárín ògiri àti ọgbà onípákó, níbi téèyàn ò lè bẹ̀rẹ̀, tí ò lè yíra padà, àfi kí n máa fi ọkọ́ kékeré fa yẹ̀pẹ̀, kí n bù ú sábọ́, kí n tún fi ẹ̀gbẹ́ jáde lọ dà á nù. Abọ́ mélòó? Má bi mí!

Ṣé o gbọ́ ikọ́ yẹn? Màmá nìyẹn. Yẹ̀pẹ̀ ti ga dé ìdí fèrèsé wọn, bójò bá rọ̀, omi ò rọ́nà lọ, inú yàrá ló ń bọ̀. Ògiri tutù, aṣọ inú àpótí wọn ti bu. Odidi ọdún mẹ́ta!

Ọdún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ta ni mo ń bá jà? Bàbá Aránṣọ tá a jọ pààlà! Mo ní ilẹ̀ tí wọ́n ń kọ fún òdòdó wọn ló ń gba abẹ́ pákó wọ ọ̀dọ̀ wa. Mo bú wọn lójú, mo bú wọn lẹ́yìn. Lọ́jọ́ tí ìyàwó wọn kú, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí, mi ò wọlé. Háà! Èmi náà!

Àárọ̀ yìí ni mo gbẹ́ kọjá ilẹ̀ dúdú òkè, ni mo bá kan yẹ̀pẹ̀ pupa. Ta ló ń gbin òdòdó sínú yẹ̀pẹ̀ pupa? Mo gbẹ́ síwájú, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù. Mo tún gbẹ́ ẹ, kí ni mo rí? Gbà, tìẹ ni! Irin tí o fi ń rẹ́lé, tí o fi iná jó àmì sára èèkù igi ẹ̀, tí o wá títí, tí o ní mo ti fi pààrọ̀ ọṣẹ. Ó yá, sọ̀rọ̀! Yẹ̀pẹ̀ tí o gbẹ́ ní ìpìlẹ̀ balùwẹ̀ wa ni o kó pa mọ́ síbẹ̀, o ní o máa kó o lọ́la, ọ̀la wá di ọdún mẹ́ta! O gbàgbé kẹ̀? Lọ́jọ́ tí o gbè mí lẹ́yìn tá a jọ bú wọn ńkọ́, ṣé o gbàgbé náà ni?

Gbọ́ èyí tó dùn mí jù. Bàbá Aránṣọ na omi sí mi lókè ọgbà, wọ́n rí irin lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, àyè ò gbà mí, orúnkún mi há sára ògiri. Wọ́n ní ojú àwọn ni o ṣe dà á síbẹ̀. Wọ́n ní àwọn rò pé mo mọ̀.

Yéè! Ó yé ẹ? Wọ́n rò pé mo mọ òótọ́ tí mo tún ń bú wọn! Irú èèyàn wo ni wọ́n ti kà mí sí látọjọ́ yìí?

Bọ́ ẹ̀wù yẹn. Ọkọ́ nìyí, abọ́ nìyí, ìdajì ló kù. Inú àlàfo náà ni wàá ti bẹ Bàbá Aránṣọ, kí o pariwo ẹ̀, kí Màmá gbọ́ ọ nínú yàrá. Kí lo wí? Ikùn ẹ ò lè gba ibẹ̀? Háhàà! Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n fẹ̀rín ba ìbínú mi jẹ́. Fà á mọ́nú, jàre! Bí o bá há, wà níbẹ̀ títí wọ́n á fi dárí jì wá.