Mo Ní Kò Sí Nǹkan Tó Ń Ṣe Ẹ̀gbọ́n Mi

Ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀yin èèyàn mi. Àárẹ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń sùn tán tó ń lọ. Bí mo bá kírun àárọ̀ tán, orí ẹní yẹn náà ni mo máa ń jókòó sí tí màá máa wo ògiri, torí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́rùn mi tí mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò kàwé púpọ̀ o. Ìwé mẹ́fà ni mo kà n'Íjẹ̀bú kí wọ́n tó ní kí n lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà ni mo ṣe ń kọ ọ́, bó bá gùn jù, ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ayọ̀ mi, kí ẹ má bàa rò pé ẹkún nìkan ni mo mọ̀. Mo ní ọmọ-ọmọ kan, Àmínà, ọmọ ọdún kan àbọ̀. Tí ọmọ yìí bá gbọ́ ohùn mi lẹ́nu ọ̀nà, á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á máa sáré bọ̀ bí pẹ́pẹ́yẹ, á ní "Ìyá! Ìyá!" Eyín mẹ́fà ló ní, gbogbo ẹ̀ ló fi ń rẹ́rìn-ín. Inú mi á dùn débi pé màá gbàgbé orúnkún tó ń dùn mí. Ilé tí ọmọ yìí ti ń kọ́ ìrìn, ní Thamesmead ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, wọ́n fẹ́ tà á báyìí. Èmi ni mo fà á. Ràṣídà ọmọ mi, ìyá Àmínà, kò sì mọ̀.

Ilé náà kì í ṣe tèmi. Ti ẹ̀gbọ́n mi ni, Alhaja. Òun ló kọ́kọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, òun ló sì mú mi wá. Ó ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì títí, ọsibítù ńlá tó wà nítòsí Woolwich Common ló ti fẹ̀yìn tì. Ọlọ́run ò fún un lọ́mọ. Nígbà tí ọkọ mi kú, tí mo ń nu ilẹ̀ ọ́fíìsì láàárọ̀, tí mo tún ń nù ún nírọ̀lẹ́, ó ní kí n gbé Ràṣídà wá sọ́dọ̀ òun. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni nígbà yẹn. Òun ló tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tí Ràṣídà fẹ́ lọ ilé ọkọ, Alhaja ní kò síbi tó ń lọ, kí ọkọ máa kó ẹrù ẹ̀ bọ̀! Bí gbogbo wọn ṣe di ará ilé kan náà nìyẹn, tí èmi wà ní fúláàtì yàrá kan mi ní Glyndon Estate.

Nígbà tó yá, Alhaja bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ẹ̀rín la kọ́kọ́ fi ṣe. Á fi búrẹ́dì pamọ́ sínú báàgì, á ní ẹnì kan ń jí i. Á wọ bàtà iṣẹ́ ní ìdájí, á lọ dúró ní ibùdó bọ́ọ̀sì, á ní wọ́n ń retí òun ní wọ́ọ̀dù. Awakọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ìbàdàn ló máa ń pe Ràṣídà lórí fóònù pé Mummy yín tún ti jáde o. Ràṣídà ń lọ síbi iṣẹ́, ọkọ ẹ̀ ń lọ, èmi ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì láti Glyndon lójoojúmọ́ wá tọ́jú rẹ̀. Ló bá tún le sí i. Kò mọ ìgbà tó ń tọ̀ sára mọ́, kò mọ ìgbà tó ń yàgbẹ́. Tí mo bá fẹ́ wẹ̀ ẹ́, á máa jà. Ó gbá mi létí lọ́jọ́ kan, etí mi hó di ọjọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi tí kò nawọ́ sí mi rí láti kékeré! Ta ni èèyàn fẹ́ sọ irú ẹ̀ fún? Tí Ràṣídà bá dé tó bá bi mí pé báwo ni lónìí, màá ní Alihamdulilahi. Màá ti fọ gbogbo aṣọ kó tó wọlé.

Lọ́jọ́ kan ló ṣubú ní kíṣíìnì. Ọsibítù tọ́jú rẹ̀, wọ́n dá a padà sílé, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò lè máa gbé báyìí mọ́, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló kàn. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wá wà. Wọ́n ní nọ́ọ̀sì kan máa wá wò ó nílé. Tó bá rí i pé àìsàn rẹ̀ pọ̀ tó, ètò ìlera ìjọba lá máa san gbogbo owó ilé ìtọ́jú náà. Tí kò bá pọ̀ tó, Alhaja lá máa fi dúkìá ara rẹ̀ san án, ilé sì ni dúkìá tó ní.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Ràṣídà wọ kóòtù tán, ó tún padà wọlé.

"Mummy, ẹ gbọ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ 'a dúpẹ́' fún wọn. Ọjọ́ tó burú jù lẹ máa sọ."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ti gbọ́ báyìí, ẹ máa gbàgbé."

"Ṣé èmi náà ti di Alhaja ni?"

A jọ rẹ́rìn-ín, ló bá lọ.

Kí ni mo ṣe? Mo wẹ Alhaja fínnífínní. Mo wọ̀ ọ́ ní léèsì aláwọ̀ ewé rẹ̀, mo wé gèlè fún un, mo fín lọ́fíńdà sí i. Mo ṣí gbogbo fèrèsé kí òórùn lè jáde. Ẹ sọ fún mi, ta ni àlejò máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ìdọ̀tí tí kò ní tún un ṣe? Nọ́ọ̀sì náà dé, ọmọbìnrin kékeré kan, ó jọ ará Gánà. Bí Alhaja ṣe rí káàdì iṣẹ́ lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ là bíi ti àtijọ́. Ó ní, "Káàbọ̀, ọmọ mi. Wọ́ọ̀dù wo lo wà? Ṣé wọ́n ti jẹ́ kí o jẹun?" Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dán gbinrin! Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Orí mi wú. Mo ní nínú ara mi pé ẹ̀gbọ́n mi rèé.

Nọ́ọ̀sì wá ṣí ìwé rẹ̀, ó ń bi mí. Ṣé ó ń tọ̀ sára? Alhaja jókòó síbẹ̀, ó ń wo ẹnu mi. Ṣé níṣojú ẹ̀ ni kí n ti sọ ọ́? Mo ní rárá. Ṣé ó máa ń jà? Rárá o, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣé ó máa ń jáde lọ? Kò lọ síbì kankan. Ọmọ náà gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Mama, ọ̀pọ̀ ẹbí ló jẹ́ pé ọjọ́ tó dáa nìkan ni wọ́n ń sọ fún mi. Ẹ sọ ọjọ́ tí kò dáa." Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Ó tún ní ṣé ká lọ sí kíṣíìnì ká lọ sọ̀rọ̀. Ọlọ́run ṣí ilẹ̀kùn fún mi, mo fọwọ́ ara mi tì í. Mo ní kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ̀gbọ́n mi, ara àgbà lásán ni, Alihamdulilahi.

Lẹ́tà dé. Wọ́n ní àìsàn rẹ̀ kò tó. Alhaja ti wà nílé ìtọ́jú báyìí, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, kò sì mọ̀ mí mọ́. Èèyàn ti wá ya fọ́tò ilé. Ràṣídà àti ọkọ ẹ̀ ń wá yàrá tí wọ́n máa rẹ́ǹtì, wọ́n sì ń sọ pé bóyá wọ́n á kó kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, a jọ ń wo àwọn aṣòfin lórí tẹlifíṣọ̀n, Àmínà wà lórí itan mi. Ọ̀rọ̀ àtúnṣe ètò ìlera àti owó ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni wọ́n ń fà, wọ́n ń pariwo bí ọmọ iléèwé tí tíṣà wọn jáde. Obìnrin kan dìde, ó ní ẹni tó ní jẹjẹrẹ, ọ̀fẹ́ la ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ń kú lọ, a ní kó ta ilé, ṣé ìyẹn dáa? Ọkùnrin kan fún un lésì pé òpin tí àwọn ṣèlérí pé àwọn máa fi sí iye owó tí arúgbó kan máa san, àwọn ti sún un síwájú ná. Ni Ràṣídà bá fò dìde. "Ẹ wo ẹnu ẹ̀! Sún un síwájú! Ṣé wọ́n máa sún ìyá tiẹ̀ síwájú? Mummy, ẹ ò rí wọn? Àwọn àti nọ́ọ̀sì ìkà yẹn, ọ̀kan náà ni wọ́n." Mo fẹnu mọ́ irun Àmínà. Òfin wọn kò dáa, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà nínú òfin náà tí Alhaja ì bá gbà. Bóyá wọn ì bá fún un, bóyá wọn ò ní fún un, èmi ni mo fi ara dí i.

Ohun tó ń pa mí gan-an rèé. Ràṣídà ti kọ̀wé ẹ̀hónú. Ó kọ ọ́ pé ìyá òun sọ gbogbo nǹkan lọ́jọ́ náà, torí ohun tí èmi fúnra mi sọ fún un nìyẹn, pé nọ́ọ̀sì yẹn ló mọ̀ọ́mọ̀ má kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ti pè wá sí ìpàdé, nọ́ọ̀sì náà máa wà níbẹ̀. "Mummy, ẹ̀yin ni ẹlẹ́rìí mi," ló ń sọ. Ọmọ ọlọ́mọ tó gbé bírò sílẹ̀ tó bẹ̀ mí, ṣé màá jókòó síwájú ẹ̀ kí n jẹ́ kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?

Rárá. Màá sọ òtítọ́, ìyẹn ti parí lọ́kàn mi. Ohun tí mi ò mọ̀ ni ibi tí màá ti sọ ọ́. Tí mo bá sọ ọ́ nílé, ó lè ní kí n má wá mọ́, kó sì kó Àmínà lọ síbi tí bọ́ọ̀sì mi kò dé. Tí mo bá dúró dìgbà ìpàdé, ojú á tì í níwájú àwọn èèyàn tó ti ń bú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti dójú ti ọmọ yín rí, tí ọmọ náà sì tún ń pè yín ní ìyá, báwo lẹ ṣe sọ tiyín fún un?