Táyà Fífẹ̀ Nínú Òjò

Lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé, mo gbọ́ àríyànjiyàn tọkọtaya kan ní ṣọ́ọ̀bù táyà tòkunbọ̀ ní Bàrígà, nígbà tí òjò ṣú.

Ọkọ ò lè dúró sójú kan. Ó di táyà fífẹ̀ kan mú. "Irú èyí làwọn eléré ìje ń lò. Tí mo bá tẹ iná mọ́ ọn, ọkọ̀ á fò!"

Ìyàwó ní, "Ilà ojú táyà yìí ti parẹ́. Ibo lomi máa gbà kọjá lábẹ́ ẹ̀?"

"Ìyá Ìbejì, mo mọ ọkọ̀ wà."

"Lánàá nínú òjò ńkọ́? Ẹ yí sítíárì, ọkọ̀ ò yí. Ẹ tẹ bíréèkì, kò gbọ́. Orí omi la wà, a ò sí lórí ilẹ̀ mọ́."

A ò sí lórí ilẹ̀ mọ́! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Ọkọ gbé táyà fífẹ̀ náà sílẹ̀. Ó yan táyà mìíràn tí ilà rẹ̀ ṣì jìn. Bí wọ́n ṣe dè é mọ́ ọkọ̀ tán, òjò dé. Ó na kọ́kọ́rọ́ sí ìyàwó rẹ̀.

"Ìwọ wà á. Àyà mi ṣì ń já láti àná."