Ẹ̀tù Ìbọn Tí A Fi Kí Mọ́tò Búrẹ́dì

— Ẹ káàárọ̀, Ìyá Yéwándé. Kánsẹ́lọ̀ ò sí nílé o.

— Kò sí nílé?

— Wọ́n ti lọ sí Òyè láti àná, mà.

— Ó dáa. Kí ló wá ń dún nínú yàrá yẹn?

— Jẹnẹrétọ̀ ni, mà.

— Jẹnẹrétọ̀ yín ló ń ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ báyẹn? Fúnmiláyọ̀, ìyàwó rere, yà fún mi níbẹ̀ jàre.

Áà! Kánsẹ́lọ̀ wa! Ẹ káàárọ̀ o, ọlọ́lá jùlọ, ẹ kú ìrìn àjò Òyè! Ṣé búrọ́ọ̀ṣì yẹn lẹ gùn dé ni, tí kò tíì kúrò lẹ́nu yín? Rárá o, ẹ má tutọ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dìbò yàn yín, ẹnu yín ò sinmi rí. Ọlọ́run ló fi ọṣẹ ìfọyín dí i fún mi láàárọ̀ yìí.

Ẹ jókòó. Ẹ ní ẹ ò jókòó? Bánjí, jókòó! Mi ò lè máa pe ẹni tí mo pọ̀n lẹ́yìn ní "ẹ̀yin" títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìyá rẹ, Ọlọ́run tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ẹ̀yìn mi yìí ló ń gbé ọ lé bó bá fẹ́ lọ pọnmi. Ó ní, "Christiana, bá mi di ọmọ yìí mú, ó máa wúlò fún wa lọ́jọ́ kan." Ọjọ́ náà nìyí. Jókòó kí o wúlò.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bá wá. Lọ́jọ́ Ajé, ìdánwò àṣejáde ń bẹ̀rẹ̀ ní iléèwé girama. Yéwándé ọmọ mi àtàwọn ọmọ Abà Fádáre yòókù máa fẹsẹ̀ rìn láti abà wọ ìlú, igbó etí odò nì ni wọ́n sì máa gbà. Ta ló máa sìn wọ́n?

Má mirí sí mi. Ta ló máa sìn wọ́n?

Àbí o ti gbàgbé Jacob? Jacob tó lọ wo àgbàdo rẹ̀ létí odò yẹn, tí àwọn ajínigbé yọ sí i! Nígbà tó máa padà wálé, wọ́n ti ta oko kòkó bàbá rẹ̀ láti fi rà á padà, òun fúnra rẹ̀ ò sì dá lọ sóko mọ́. Bí ewúrẹ́ bá fara nu ilẹ̀kùn, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni Jacob ń sá sí. Ìgbà yẹn làwa òbí ránṣẹ́ pè ọ́. O wá, o jẹ iṣu wa, o nu ẹnu. A ní ohun méjì péré la fẹ́: bá wa mọ ògiri yí iléèwé ká, bá wa ṣán igbó etí odò. Ògiri. Igbó. Ṣé èdè Faransé la fi sọ ọ́ ni? O ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ti rí i gbà." Kí la wá rí gbà?

Géètì!

Géètì, Bánjí! Géètì tó ga ju ilé ìjọsìn lọ! Orí kìnnìún lápá ọ̀tún, orí kìnnìún lápá òsì, orí tìrẹ láàárín, tí ò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jí ẹran nínú ìkòkò àna rẹ̀. Ògiri ńkọ́? Kò sí! Géètì nìkan ló dá dúró sójú pápá bí ẹni tí mọ́tò já sílẹ̀. Ewúrẹ́ ń gba ọ̀tún wọlé, àgùntàn ń gba òsì jáde, àwọn ọmọ nìkan ni dandan fún láti gba géètì. Púrínsípà na ọmọ kan torí pé ó gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ọmọ ní, "Sà, kò sí ògiri níbẹ̀." Ó tún na án sí i, ó ní ó ń jiyàn.

O sì tún wá ẹnìkan síbẹ̀ tó ń tì í pa ní ìrọ̀lẹ́! Wọ́n jí àga iléèwé kó tán. A bi ọ̀gbẹ́ni náà léèrè, ó fi kọ́kọ́rọ́ kan eyín, ó fi Ògún búra pé ẹnì kankan ò gba géètì òun kọjá. Òótọ́ ló sì sọ! Ògún gan-an ò rí i mú!

Gbogbo ìyẹn náà ò tó. Tísà tó ń kọ́ wọn ní kẹ́mísìrì ti lọ láti ọdún tó kọjá, a ò rí òmíràn. Nígbà tí o ní o fẹ́ ṣí géètì, ńṣe ni gbogbo iléèwé pa ìwé dé, wọ́n ń kọ́ orin àti yíyan. Ọmọ mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ásíìdì, àmọ́ ó mọ "Ẹ káàbọ̀, Alága wa" ní ohùn mẹ́rin, ó sì ń yan bíi ṣọ́jà. Bí wọ́n bá bèèrè ìyẹn lọ́jọ́ Ajé, kò sẹ́ni tó máa ṣe jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n mo ti fi orí jin géètì. Ẹ̀tù ìbọn ni mo bá wá. Má wo ìyàwó rẹ, èmi ni kí o wò!

Nígbà tí ògiri ò dé, tí igbó ò kúrò, ta ló wá nǹkan ṣe? Àwa òbí ni. Ilé kọ̀ọ̀kan mú iṣu wá, iṣu èbù o, èyí tí a fẹ́ gbìn! A tà á, a fi ra ẹ̀tù fún Baba Ògúndàmọ́lá àtàwọn ọdẹ rẹ̀, pé kí wọ́n máa sin àwọn ọmọ wa lọ, kí wọ́n máa sìn wọ́n bọ̀. Baba rọ ẹ̀tù náà sínú kèrègbè, ó gbé e kọ́ sí ojúbọ Ògún, ó ní, "Uṣẹ́ ọmọ lèyí o, kì í ṣe uṣẹ́ ẹran." Bánjí, ọkùnrin tó ti ń fi ìbọn jẹun láti kékeré ò fi èyí tó kún èékánná nínú ẹ̀tù yẹn pa òkété! Bí wọ́n bá ti yìn ín lẹ́ẹ̀kan sókè létí odò láàárọ̀, gbogbo ohun tó lúgọ sínú igbó á mọ̀ pé ọ̀nà lọ́dẹ. Ọmọ ẹnì kankan ò sọnù.

Ìwọ wá ránṣẹ́ sí Baba. Ìwọ yìí! O ní alága ìjọba ìbílẹ̀ ń bọ̀ wá ṣí géètì lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, pé àṣà wa ni kí ọdẹ yìnbọn kí èèyàn ńlá. Mo mọ àṣà, mi ò bá àṣà jà. Ṣùgbọ́n ta ló pàṣẹ pé bí wọ́n bá ti rí eruku mọ́tò lókèèrè, kí wọ́n yìn ín? Mo dúró síbẹ̀, etí mi báyìí ni mo fi gbọ́: "Baba, ẹ má dúró wojú o. Eruku ni kí ẹ máa wò." Alága ń bọ̀ láàárọ̀, oòrùn kàntàrí, alága ò dé. Eruku wá sọ. Gbàù! Ìbọn dún, àwọn ọmọ ń yan, púrínsípà ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ta ló sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò? Ayọ̀ọlá tó ń gbé búrẹ́dì bọ̀ láti Ìkọ̀lé! Ó nawọ́ méjèèjì sókè, ó ní ẹ kó gbogbo búrẹ́dì, ẹ ṣáà dá ẹ̀mí òun sí!

Ṣé ẹ kọ́gbọ́n? Eruku tún sọ. Gbàù! Pásítọ̀ tó ń lọ sí ìsìnkú ní Ayédé. Gbàù! Mọ́tò tó gbé òkú tẹ̀lé pásítọ̀! Bánjí, a yìnbọn kí òkú! Òkú tí a ò mọ̀ rí! Àwọn ọmọ sì kọrin "Ẹ káàbọ̀" fún un! Gbàù! Ọlọ́kadà tó gbé adìyẹ. Ìwọ wà lábẹ́ kánópì, ò ń pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn.

Nígbà tí alága wá dé lóòótọ́, Baba Ògúndàmọ́lá gbọn kèrègbè, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ò ń ṣẹ́jú sí i pé kó ṣe nǹkan, kó má dójú tì ọ́. Kí làwọn ọdẹ ṣe? Wọ́n na ṣakabùlà sókè, wọ́n ń fi ẹnu ké "Gbàù! Gbàù!" Bàbá arúgbó, irùngbọ̀n funfun, ó ń fi ẹnu yìnbọn bí ọmọdé tó ń ṣeré ogun! Mi ò ní purọ́, mo rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín. Alága rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìgbà tí mo délé ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Torí gbogbo ayé ló wà ní pápá yẹn, Bánjí. Gbogbo ayé ló gbọ́ pé ìbọn wa ti di ẹnu. Ṣé o rò pé àwọn tó wà nínú igbó ò létí ni?

Baba ò sì lọ sétí odò mọ́. Ó ní ìbọn tí kò lẹ́tù, ọ̀pá ni, pé òun ò ní fi ọ̀pá kó ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi ikú. Ṣé mo lè dá a lẹ́bi?

Kí lo wí? Ó dáa, tutọ́, tutọ́. Mi ò gbọ́ ohun tí ò ń sọ.

O máa ra òmíràn. Níbo? Ṣé o rò pé mi ò tíì dé Ìkọ̀lé ni? Olúṣẹ́gun tó ń tà á ní ó ti tán. Ó ní kánsẹ́lọ̀ kan ń ṣí kànga, òmíràn ń ṣí ilé ìyàgbẹ́, gbogbo yín lẹ fẹ́ kí ìbọn dún. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọlọ́pàá? Mo lọ bá wọn. Wọ́n ní àwọn máa wá, tí a bá lè wá gbé wọn, tí a sì máa tètè dá wọn padà, torí wọ́n gbọ́ pé ọ̀nà yẹn ò dára.

Kí wọ́n sùn sí iléèwé? Iléèwé tí kò lógiri? Kí àwọn ajínigbé lè bá wọn lójú kan náà, kí wọ́n má baà ṣe wàhálà?

Kí ni? Tún un sọ.

Kí Yéwándé dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Bánjí. Olúwatóbilọ́ba ọmọ tìrẹ ńkọ́? Ṣé òun náà máa dúró? Òun tó wà ní Adó, níbi tí ògiri ga tó ọ̀pẹ, tí wọ́n to àfọ́kù ìgò sórí rẹ̀! Nínú ìdílé tiwa, láti ọ̀dọ̀ bàbá títí kan ọ̀dọ̀ ìyá, kò tíì sí ọmọ tó jókòó ṣe ìdánwò yẹn rí. Yéwándé ni àkọ́kọ́. Tí kò bá ṣe é, oko ló ń padà sí. Ọmọbìnrin tó bá padà sóko lọ́dún kan, kí ọdún náà tó yípo, oyún ti wà níbẹ̀. Mo mọ̀. Kí ló mú èmi fúnra mi mọ́lẹ̀? Ìyá mi náà ní kí n dúró di ọdún tó ń bọ̀.

Ó tó. Mi ò bínú mọ́. Ọ̀rọ̀ tilẹ̀ ti yanjú kí n tó dé ibí, mo wá kí ọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni, mo wá kí ọ! O ò gbọ́ rédíò láàárọ̀ yìí? Ètò tí aráàlú máa ń pè sí yẹn. Mo pè. Mo ní èmi Christiana, alága ẹgbẹ́ òbí, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ kánsẹ́lọ̀ wa, akọni, tó ṣèlérí pé òun fúnra òun yóò fẹsẹ̀ rìn sin àwọn ọmọ Abà Fádáre lọ sí ìdánwò lọ́jọ́ Ajé, òun níwájú, àwọn ọmọ lẹ́yìn, lójoojúmọ́ títí ìdánwò á fi parí.

Jókòó! Ọṣẹ ń kán sí ọ láyà.

Ìgbà wo lo ṣèlérí ẹ̀? Nínú gbogbo ìlérí tí o ti ṣe, ṣé o lè rántí ọ̀kan ni? Ẹnìkan pè láti Ìdó, ó ní ká ní àwọn rí irú rẹ. Obìnrin kan sunkún lórí afẹ́fẹ́. Ìjọ Áńgílíkà máa gbàdúrà fún ọ lọ́la, àwọn Kátólíìkì ti bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Baba Ògúndàmọ́lá ní òun ò rí i rí kí olóṣèlú ṣíwájú ọdẹ, pé ìbọn lẹ́tù o, kò lẹ́tù o, òun ń bọ̀ wá fojú ara òun wò ó. Gbogbo ìlú ló ń bọ̀ wá wò ó! Àwọn ọkùnrin láti Ààyè ní àwọn máa mú àdá dání, pé kí àwọn má baà dúró lásán, àwọn á máa ṣán igbó bí ẹ bá ṣe ń kọjá. Ajínigbé wo ló máa jáde sí ìlú odindi?

Fóònù rẹ ló ń dún yẹn. Fúnmiláyọ̀, bá a gbé e wá. Ta ni? Alága fúnra rẹ̀! Gbé e, má jẹ́ kó já. Ẹ̀n-ẹ́n. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ ọ́! Tún un wí, ó yẹ ẹnu rẹ. "Ẹ ṣé, sà." Ó ń kí ọ kú iṣẹ́, àbí? Bi í bóyá òun náà á bá wa rìn. Ó ti gé e? Kò burú, kò burú, àwọn èèyàn ńlá kì í ráyè.

Mò ń lọ. Mo fi iṣu sórí iná. Kí àkùkọ tó kọ, a ó ti dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà abà. Ìwọ ló máa wà níwájú pátápátá, èmi ni mo máa wà lẹ́yìn pátápátá, kí ẹsẹ̀ rẹ má baà ṣìnà yà sílé.

Fúnmiláyọ̀, ó dàbọ̀ o. Má jẹ́ kó wọ agbádá wá lọ́jọ́ Ajé. Ẹ̀gún etí odò yẹn máa ń di aṣọ mú, ẹni tó bá dúró tú u ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé.